Ọ̀sẹ̀ 18 Àkọ́kọ́ Ni Owó Ẹyin Wà: Bí A Ṣe Ń Sin Isa Brown

Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá adìẹ òun yóò san owó oúnjẹ tó ń jẹ kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ tí yóò kọ́kọ́ yé. Ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn. Isa Brown, adìẹ tí a ń sìn fún ẹyin, tí a tọ́ dáadáa láti ọjọ́ kìn-ín-ní títí di ọ̀sẹ̀ 18 lè yé ẹyin tó lé ní 300 lọ́dún. Èyí tí òtútù pa ní kékeré, tí ebi ṣe, tó sì wọ kéèjì pẹ̀lú ara jíjá, kò sí oúnjẹ olówó gọbọi tí ẹ lè fún un lẹ́yìn náà tí yóò fi bá ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdí rèé tí n ó fi pẹ́ lórí títọ́ rẹ̀ ní kékeré, pàápàá lórí òṣùwọ̀n, nítorí òun gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa kì í lò.

Irú adìẹ tó jẹ́

Ilé iṣẹ́ Institut de Sélection Animale ní ilẹ̀ Faransé ló mú Isa Brown jáde ní 1978. Ní 2005 ni wọ́n da ilé iṣẹ́ náà pọ̀ mọ́ Hendrix ti Netherlands, ọwọ́ Hendrix Genetics ló sì wà dòní. Àmúlùmálà ni: ìdílé Rhode Island Red wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, Rhode Island White sì wà lọ́dọ̀ ìyá. Bí wọ́n ṣe dà á pọ̀ yìí ló jẹ́ kí a lè dá akọ mọ̀ yàtọ̀ sí abo lọ́jọ́ tí wọ́n bá jáde nínú ẹyin. Abo a máa pupa rúsúrúsú, akọ a máa funfun pẹ̀lú yẹ́lò díẹ̀ lára. Nítorí náà, tí wọ́n bá gbé páálí ọmọ adìẹ yín dé, ẹ ṣí i níwájú ẹni tó gbé e wá, kí ẹ sì ka àwọn funfun. Akọ ni wọ́n, ẹ má san owó abo lórí wọn.

Adìẹ yìí kò nílò àkùkọ kó tó yé ẹyin. Àkùkọ tí ẹ bá fi sí àárín wọn, oúnjẹ ni yóò máa jẹ. Bákan náà, ẹ má ṣe pa ọmọ lára rẹ̀ pẹ̀lú ìrètí pé ọmọ yóò jọ ìyá. Àmúlùmálà kì í bí irú ara rẹ̀: àwọn ọmọ yóò rí ṣákálá, òmíràn á yé díẹ̀, òmíràn á máa sàba. Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń pa ọmọ tuntun ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Kì í sì í ṣe adìẹ tí a ń tú sílẹ̀ kó lọ máa ha ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, FUNAAB Alpha tí Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta mú jáde, tàbí Noiler láti ọ̀dọ̀ Amo ní Awẹ́, nítòsí Ọ̀yọ́, yóò bá a lára mu jù.

Kí páálí tó dé

Kí ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má baà wọlé tààrà. Búlọ́ọ̀kù méjì tàbí mẹ́ta láti ilẹ̀, nẹ́ẹ̀tì ní òkè rẹ̀, kí páànù sì yọ síta dáadáa kí òjò má baà fẹ́ wọlé. Tí adìẹ mìíràn bá ti gbé ibẹ̀ rí, ẹ kó gbogbo ìdọ̀tí jáde, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi oògùn apakòkòrò wọ́n ọn, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ lófo fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má kánjú níbí. Àrùn tó pa àwọn ti ìṣáájú ṣì lè wà lára ògiri.

Ẹ da ìfárí pákó láti sọ́míìlì sílẹ̀, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8. Ìfárí sàn ju ìyẹ̀fun pákó lọ, nítorí ọmọ adìẹ a máa ṣa ìyẹ̀fun jẹ bí oúnjẹ, eruku rẹ̀ sì máa ń dí wọn nímú. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn lé e lórí fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ fi páálí tàbí pláìwúùdù ká ibi tí wọn yóò wà ní òbìrípo, kí igun má sí tí wọn yóò kó ara wọn jọ sí tí wọ́n á fi tẹ ara wọn pa.

Iná ni kí ẹ ṣètò dáadáa. Èédú ni ọ̀pọ̀ wa ń lò nítorí iná mànàmáná kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó jó délẹ̀ níta kó tó wọlé, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ lókè tapólì kí èéfín lè jáde. Ilé tí wọ́n dí pa nítorí òtútù ti pa ọmọ adìẹ púpọ̀ lóru kan ṣoṣo, atẹ́gùn èédú tí kò lóòórùn ló sì pa wọ́n. Ẹ ti dáná sílẹ̀ ní wákàtí mélòó kan kí wọ́n tó dé, kí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Wákàtí 24 àkọ́kọ́

Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó pa ẹyin wọn bóyá wọ́n ti gún abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn Marek fún wọn. Ọjọ́ kìn-ín-ní ni wọ́n ń gún un, kò ṣeé san padà lẹ́yìn náà. Ẹ mú mélòó kan jáde nínú páálí kọ̀ọ̀kan kí ẹ yẹ̀ wọ́n wò. Ìdodo gbọ́dọ̀ ti pa dé, ojú gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀, tí ẹ bá sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, ó yẹ kó dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ rí. Kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí glucose díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ ti ẹnu díẹ̀ nínú wọn bọ omi kí ìyókù lè rí i kọ́. Lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì, ẹ wọ́n oúnjẹ sórí ìwé ìròyìn, kí ẹ sì tún fi sínú ọpọ́n.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ìgbóná ibẹ̀ yẹ kó wà láàárín 33 sí 35 lórí tẹmómítà Celsius, ní gíga ẹ̀yìn ọmọ adìẹ. Ẹ máa dín in kù ní 2 sí 3 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ọmọ adìẹ náà ni tẹmómítà tó dájú jù. Tí wọ́n bá kó ara wọn jọ lábẹ́ iná tí wọ́n ń ké kíkankíkan, òtútù ń mú wọn. Tí wọ́n bá sá lọ sí ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n la ẹnu tí wọ́n sì na ìyẹ́, ooru ń mú wọn. Tí gbogbo wọn bá sá sí apá kan, atẹ́gùn ń wọlé láti òdìkejì. Tí wọ́n bá tàn káàkiri, tí àwọn kan ń jẹ, tí àwọn kan sùn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ tún gbé ẹsẹ̀ ọ̀kan lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Ẹsẹ̀ tó tutù ń sọ pé ilẹ̀ tutù, bí afẹ́fẹ́ òkè tilẹ̀ gbóná.

Kí ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ fọwọ́ tọ́ ọ̀fun wọn wò, níbi àpò oúnjẹ. Ó yẹ kó kún, kó sì rọ̀ lọ́wọ́. Tó bá kún àmọ́ tó le gbagidi, wọ́n ti jẹun láìmu omi. Tó bá ṣófo, kò tíì rí oúnjẹ. Ẹ yọ àwọn bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹ fi oúnjẹ hàn wọ́n lọ́wọ́, torí ẹni tí kò bá jẹun lọ́jọ́ yìí kì í sábà bá àwọn yòókù mọ́.

Òṣùwọ̀n

Tí owó yín bá tó ra ohun èlò kan ṣoṣo lẹ́yìn dírínkà àti ọpọ́n oúnjẹ, ẹ ra òṣùwọ̀n. Èyí tí wọ́n fi ń wọn nǹkan ní ilé ìdáná ti tó fún oṣù àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ẹ lo èyí tí a ń gbé kọ́, tó máa ń wọ̀n tó kílò 5.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lọ́jọ́ kan náà, láàárọ̀ kí ẹ tó fi oúnjẹ sílẹ̀, ẹ wọn adìẹ 50. Ẹ má sáré mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan káàkiri ilé, torí àwọn tí kò lágbára ló rọrùn láti mú, òṣùwọ̀n yín yóò sì parọ́. Ẹ fi pláìwúùdù dá apá kan sí igun, kí ẹ sì wọn gbogbo èyí tó bá bọ́ sínú rẹ̀ pátá, ńlá àti kékeré. Ẹ kọ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má kàn kó wọn lé orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí a ń wá sún mọ́ báyìí: ní ọ̀sẹ̀ 5, nǹkan bíi gíráàmù 370, ní ọ̀sẹ̀ 10, láàárín 850 sí 900, ní ọ̀sẹ̀ 16, nǹkan bíi 1,350, ní ọ̀sẹ̀ 18, nǹkan bíi kílò kan àtààbọ̀. Ọ̀sẹ̀ 5 yẹn ni mo máa ń tẹjú mọ́ jù, nítorí ìgbà náà ni ara inú lọ́hùn-ún àti egungun ń kọ́. Adìẹ tó bá jẹ́ gíráàmù 280 ní ọ̀sẹ̀ 5 lè sanra lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ yóò kéré, ẹyin rẹ̀ náà yóò sì kéré.

Ìpíndọ́gba nìkan kò tó. Ká ní ìpíndọ́gba ìwọ̀n adìẹ 50 yín jẹ́ gíráàmù 900. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá kúrò, ẹ tún fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un: 810 sí 990. Ẹ ka iye tó bọ́ sí àárín méjèèjì. Ó yẹ kó tó 40 nínú 50, ó kéré tán. Tó bá jẹ́ 28, a jẹ́ pé àwọn kan ń jẹ oúnjẹ àwọn kan. Ẹ fi ọpọ́n kún un kí gbogbo wọn lè jẹ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì ya àwọn kéékèèké sí ọ̀tọ̀.

Ibi tí òṣùwọ̀n ti ń gbówó wọlé nìyí. Gbogbo wa la mọ̀ pé chick mash ni wọ́n ń jẹ títí dé ọ̀sẹ̀ 8, kí wọ́n tó bọ́ sí grower mash. Kàlẹ́ńdà kọ́ ló yẹ kó pinnu rẹ̀. Bí wọn kò bá tíì tó ìwọ̀n wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣì máa jẹ chick mash fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì sí i, torí purotéènì rẹ̀ pọ̀ jù. Owó àpò yẹn dà bí owó púpọ̀ lójú, ṣùgbọ́n Isa Brown kan kì í jẹ ju kílò 6 sí 6.5 lọ láti kékeré dé ọ̀sẹ̀ 18. Nígbà tó bá ń yé, ó ń jẹ iye yẹn láàárín oṣù méjì péré.

Àjẹsára

Dókítà ẹran tó wà ládùúgbò yín ni kó bá yín to ètò yìí, nítorí àrùn tó wà ní àyíká kan lè yàtọ̀ sí ti òmíràn. Bí a ṣe sábà ń ṣe é ní ìhà Ìwọ̀-Oòrùn rèé: àjẹsára àrùn Newcastle inú ojú ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ti àrùn Gumboro láàárín ọjọ́ 7 sí 14, kí ẹ tún un ṣe ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin, Lasota (àjẹsára Newcastle) ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta, abẹ́rẹ́ ìyẹ́ fún ṣọ̀pọ̀nná adìẹ ní ọ̀sẹ̀ 6, Komarov (àjẹsára Newcastle tó le jù) sínú ẹran ara ní ọ̀sẹ̀ 8, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọ̀sẹ̀ 16. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn wọ̀nyí ni NVRI, ilé iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀, ní Vom, ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe. Ẹ má fi Komarov ṣáájú Lasota láé, ó le púpọ̀ fún adìẹ tí ara rẹ̀ kò tíì mọ Newcastle.

Èyí tí a ń pò sínú omi ló máa ń bàjẹ́ jù lọ́wọ́ wa. Inú kúlà tí yìnyín wà ni kó ti máa wà láti ìsọ̀ dé oko. Ẹ gba omi kúrò níwájú adìẹ fún wákàtí kan sí méjì kí òùngbẹ lè gbẹ wọ́n. Omi kànga tàbí omi òjò ni kí ẹ lò, omi ẹ̀rọ tó ní kulorínì yóò pa àjẹsára náà. Ẹ po mílíìkì oníyẹ̀fun tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀ sínú omi náà ṣáájú, kí dírínkà sì pọ̀ tó kí gbogbo wọn lè mu ún tán láàárín wákàtí méjì.

Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 6, ẹ máa wo ìgbẹ́ wọn. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ àti adìẹ tó ká gúrọ́ ń tọ́ka sí kọ́ksì (àrùn coccidiosis). Ilẹ̀ tútù ló ń bí i; ẹ kó ibi tó bá rin lábẹ́ dírínkà dànù lójoojúmọ́, kí ẹ sì pe dókítà kíákíá.

Ní 2006 ni àrùn ọ̀fìnkìn ẹyẹ kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà, ní Jaji ní ìpínlẹ̀ Kaduna, ó sì ti padà wá lẹ́yìn náà. Ohun tó ń gbé e kiri ni bàtà, táyà ọkọ̀ àti kíréètì ẹyin. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó wá ra ẹyin wọ ilé adìẹ, bó ti wù kó jẹ́ oníbàárà àtàtà tó. Ẹ kó ẹyin jáde fún un. Kíréètì pépà tó gbé wá láti oko ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà.

Láti ọ̀sẹ̀ 8 sí 18

Ìgbà tó rọrùn jù nìyí, ìgbà yìí náà ni ènìyàn sì máa ń gbàgbé wọn. Ẹ máa wọ̀n wọ́n lọ. Ẹ má fún wọn ní layer mash, oúnjẹ adìẹ tó ń yé, kí wọ́n tó súnmọ́ yíyé, nítorí kálísíọ̀mù tó pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń ba kíndìnrín ọmọge adìẹ jẹ́, ẹ kò sì ní mọ̀ títí tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí kú nígbà tí wọ́n bá ń yé.

Ẹ má tan iná fún wọn lóru ní àkókò yìí. Ojú ọjọ́ wa níbí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ wákàtí 12 láti oṣù Kìn-ín-ní dé Ìkejìlá, ìyẹn sì bá adìẹ tó ń dàgbà mu gan-an. Iná tó bá ń gùn sí i yóò mú kó yé kí ara rẹ̀ tó gbó. Ẹyin rẹ̀ á kéré, ìdí rẹ̀ sì lè yọ síta.

Tí kéèjì ni ẹ fẹ́ kó wọn sí, ọ̀sẹ̀ 16 ni, lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn, nígbà tí oòrùn bá ti wọ̀. Tí ilẹ̀ ni, adìẹ 5 sí 6 ni kó wà nínú mítà kan níbùú àti lóròó, kí àpótí ìyé kan sì wà fún adìẹ 4 tàbí 5. Ẹ gbé àpótí náà sí ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀ kí ìkankan nínú wọn tó yé; adìẹ tó bá ti mọ ilẹ̀ lára kì í sábà fi í sílẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ àti ẹyin

Nígbà tí òṣùwọ̀n bá ti fi kílò kan àtààbọ̀ hàn, ìgbà yẹn ni kí ẹ fi ìmọ́lẹ̀ kún ti ojú ọjọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wákàtí kan, kí ẹ máa fi ààbọ̀ wákàtí kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí àpapọ̀ yóò fi di 16. Kí gílóòbù mọ́lẹ̀ tó kí ènìyàn lè ka ìwé ìròyìn níbi tí adìẹ dúró sí. Sólà kékeré ló dára jù fún un. Ẹni tí kò bá ní ohun tí yóò fi tan án lójoojúmọ́, kó má bẹ̀rẹ̀ rárá. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wá lónìí tí kò wá lọ́la ń da adìẹ rú ju kó máa wo oòrùn lásán lọ.

Ẹyin á kọ́kọ́ máa jáde ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 18 sí 19. Ní ọ̀sẹ̀ 20 tàbí 21, ó yẹ kí ìdajì wọn máa yé, kí ó sì ti lé ní 90 nínú 100 láàárín ọ̀sẹ̀ 26 sí 30. Oúnjẹ wọn yóò jẹ́ gíráàmù 110 sí 120 lójúmọ́, omi yóò tó ìlọ́po méjì rẹ̀, á sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ nígbà oòrùn. Wákàtí kan ṣoṣo láìsí omi lọ́sàn-án oṣù Kejì yóò hàn nínú ẹyin yín fún ọjọ́ mélòó kan.

Èèpo ẹyin máa ń gba nǹkan bí wákàtí 20 kó tó dì, òru ló sì ń di púpọ̀ jù. Ẹ fún wọn ní ìkarahun fífọ́ tí kò kúnná ní ìrọ̀lẹ́, nǹkan bí agogo mẹ́rin, kó lè wà nínú ìwẹ̀ wọn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Nígbà ooru, adìẹ tó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ ń fi èémí lé ohun tó fi ń ṣe èèpo jáde nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Òun ló fà á tí ẹyin oṣù Kejì àti Ìkẹta fi ń tètè fọ́. Ẹ fi oúnjẹ tó pọ̀ jù sí ìdájí àti ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi tó ti gbóná.

Ẹ jọ̀wọ́, tí dókítà bá fún adìẹ ní oògùn, ẹ bi í pé ọjọ́ mélòó ni ẹyin kò gbọdọ̀ fi dé ọjà, kí ẹ sì pa á mọ́. Ọmọ ẹlòmíràn ni yóò jẹ ẹyin yẹn.

Ìṣirò

Ẹ ka ẹyin lójoojúmọ́, ẹ pín in sí iye adìẹ tó wà láàyè, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Adìẹ 100 tó yé 85 ti fún yín ní kíréètì méjì àti ẹyin 25, wọ́n sì ti jẹ nǹkan bíi kílò 11.5. Àpò kílò 25 kan kò ní ju ọjọ́ méjì àti díẹ̀ lọ.

Láti mọ ibi tí èrè ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ pín owó àpò kan sí 25, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.115. Owó oúnjẹ adìẹ kan lójúmọ́ nìyẹn. Ẹ pín owó kíréètì sí 30, owó ẹyin kan nìyẹn. Ẹ wá pín èyí àkọ́kọ́ sí èkejì. Ká ní oúnjẹ jẹ́ náírà 75, tí ẹyin sì jẹ́ 150: adìẹ 50 nínú 100 gbọ́dọ̀ máa yé kí owó oúnjẹ nìkan tó padà. Oògùn, owó òṣìṣẹ́ àti owó tí ẹ fi tọ́ wọn kò tíì wọ ibẹ̀. Ẹ máa ṣe ìṣirò yìí ní gbogbo ìgbà tí iye owó bá yí padà.

Èyí tí kò yé mọ́

Nínú agbo tó ń yé 70 nínú 100, àwọn kan wà tí kò yé rárá, a sì lè fọwọ́ mọ̀ wọ́n. Ẹ gbé adìẹ náà, kí ẹ wá egungun méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdí rẹ̀. Tí ìka yín méjì sí mẹ́ta bá wọ àárín wọn, ó ń yé. Tí ó bá jẹ́ ìka kan ló fi agbára wọ ibẹ̀, kò yé. Ẹ tún wo àwọ̀. Yẹ́lò tó wà lára adìẹ ń lọ sínú ẹyin, nítorí náà àwọ̀ náà máa ń ṣí kúrò ní ihò ìdí, lẹ́yìn náà ní ẹnu, lẹ́yìn náà ní ẹsẹ̀. Adìẹ tó ti lé ní 40 ọ̀sẹ̀, tí ẹnu àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì pọ́n rokoṣo, oúnjẹ yín ló ń fi ṣe ara lóge. Ẹ tà á.

Fún agbo lápapọ̀, ọ̀pọ̀ ń tà wọ́n ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 75 sí 80. Ẹ ka oṣù padà sẹ́yìn kí ẹ tó ra ọmọ: kí àgbà adìẹ yín bọ́ sí ọjà Kérésì, Ìtùnú Ààwẹ̀ tàbí Àjíǹde, ìgbà tí owó rẹ̀ ga jù. Kí àwọn ọmọ tuntun sì ti wà ní ilé mìíràn, tó jìnnà sí ti àwọn àgbà, ní oṣù mẹ́rin ṣáájú. Àwọn ọmọ ni kí ẹ máa kọ́kọ́ bẹ̀ wò láràárọ̀ kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà, ẹ má ṣe yí i padà.